Orúkọ Kan, Bọ́ọ̀dù Méjì: Ẹ Yẹ Ẹ̀yìn Micro:bit Wò Kí Ẹ Tó Bá Ọmọ Wí

 

Ẹni tó bá ti lọ sí ọjà Ládípọ̀ ní Èkó rí láti ra iná iwájú ọkọ̀ Camry yóò mọ ìbéèrè tí ẹni tó ń tajà máa kọ́kọ́ bi í. Kò ní bi í bóyá Toyota ló ṣe ọkọ̀ náà. Ìyẹn ti hàn sí gbogbo ayé. Ohun tó máa bi í ni pé: "Èwo nínú wọn? Ṣé Muscle ni àbí Big Daddy?" Camry ni gbogbo wọn ń jẹ́ nínú ìwé ọkọ̀, ṣùgbọ́n iná Muscle kò lè wọ ojú Big Daddy, bí ẹ tilẹ̀ fi òòlù kàn án. Ìbéèrè yìí ti mọ́ wa lára tó bá kan ọkọ̀. Tó bá wá kan ohun èlò kékeré tí àwọn ọmọ wa fi ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, a kì í bi í, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló ti yẹ kí a máa bi í jù.

Ohun èlò tí mo ní lọ́kàn ni micro:bit, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà pẹ́ńpẹ́ tó ti wọ ọ̀pọ̀ ilé wa, pàápàá ilé ẹni tó ní mọ̀lẹ́bí ní Ìlú Ọba. Ìyá kan kọ̀wé sí abala yìí láti Ìbàdàn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní London ló fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá, nígbà ọlidé. Ọmọ náà rí ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ṣàlàyé bí bọ́ọ̀dù náà yóò ṣe máa tan iná nígbàkigbà tí ènìyàn bá pàtẹ́wọ́. Ó ṣe é bí wọ́n ṣe ní kí ó ṣe é. Ó pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta á. Kàkà kí iná tàn, ojú kan tó fà ro ló yọ lórí bọ́ọ̀dù, nọ́ńbà 927 sì ń kọjá níbẹ̀. Ọjọ́ méjì ló fi ń pa iṣẹ́ náà rẹ́ tó sì ń tún un ṣe. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá rẹ̀ ní kí ó gbé e tì, pé orí rẹ̀ kò tíì gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá bi àbúrò rẹ̀ lórí WhatsApp bóyá èyí tó fi ránṣẹ́ ti bàjẹ́ ni. Ìyẹn dáhùn pé: "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ má dààmú, micro:bit náà ni micro:bit."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nítorí kì í ṣe òótọ́. Kò sí ohun tó ṣe bọ́ọ̀dù ọmọ náà, kò sì sí ohun tó ṣe orí rẹ̀. Bọ́ọ̀dù náà kò ní etí ni. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ti èkejì ni ẹ̀kọ́ tó ń tẹ̀ lé. Nọ́ńbà 927 tí ẹnikẹ́ni kò kà sí yẹn gan-an ni bọ́ọ̀dù fi ń ké pè wọ́n. MakeCode, ìyẹn ojú ewé tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń to iṣẹ́ wọn fún micro:bit, ló fi nọ́ńbà yẹn sínú iṣẹ́, kí ó lè yọ nígbà tí a bá ní kí bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ṣe ohun tó jẹ́ pé èkejì nìkan ló ní ẹ̀yà rẹ̀ lára.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá. BBC tí àwọn bàbá wa máa ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lórí rédíò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1981, BBC àti ilé iṣẹ́ Acorn ti ìlú Cambridge gbé kọ̀ǹpútà kan jáde tí wọ́n pè ní BBC Micro, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ àwọn ọmọ ìgbà náà. Ní ọdún 2016, BBC àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tún gbé irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n pín in: nǹkan bíi mílíọ̀nù 1 bọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ tó wà ní ọdún àkọ́kọ́ ilé ìwé girama, àwọn ọmọ ọdún 11 sí 12. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní kíláàsì yẹn níbẹ̀ gba tiwọn bí ẹlẹ́gbẹ́ wọn ṣe gbà á. Wọ́n ti di géńdé báyìí. Bọ́ọ̀dù wọn ti wọ inú dúrọ́ọ̀, láti inú dúrọ́ọ̀ ló sì ti ń bọ́ sínú ẹrù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé, láàárín ṣokoléètì àti bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mu mọ́. Ẹ̀bùn tó dára ni. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ni kò mọ̀ pé wọ́n ti tún un mọ láti ìgbà tí òun ti gbà á.

Bọ́ọ̀dù méjèèjì kò ju ìdajì káàdì ATM lọ. Iná pupa wínníwínní 25 wà lójú rẹ̀, ìlà márùn-ún, márùn-ún lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bọ́tìnnì méjì wà, A lápá òsì, B lápá ọ̀tún. Ihò ńlá márùn-ún wà ní etí ìsàlẹ̀ tí a ń fi wáyà kọ́. Méjèèjì mọ̀ bí a bá mì wọ́n, wọ́n mọ ìhà àríwá, wọ́n ń wọn ooru, wọ́n sì lè fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti yàrá kan sí èkejì. Bí a bá gbé wọn sórí tábìlì níwájú yín, ẹ ó ní ìbejì ni wọ́n.

Inú ni wọ́n ti yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ọpọlọ. Ṣíìpù tó ń ronú fún bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní nRF51822, ti èkejì ni nRF52833. Ilé iṣẹ́ Nordic ti ilẹ̀ Nọ́wè ló ṣe méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ ń gbé ìṣísẹ̀ mílíọ̀nù 16 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èkejì ń gbé mílíọ̀nù 64. Tí ẹ bá ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ rí, ẹ ó mọ̀ pé kọ́bọ́ọ̀dù tó ń kó aṣọ sí yàtọ̀ sí tábìlì tó ń gé aṣọ lé. Kọ́bọ́ọ̀dù ti àkọ́kọ́ jẹ́ kìlóbáìtì 256, ti èkejì jẹ́ 512, ìlọ́po méjì péré. Orí tábìlì ìgéṣọ ni ìyàtọ̀ ńlá wà: kìlóbáìtì 16 ni ti àkọ́kọ́, 128 ni ti èkejì, ìlọ́po mẹ́jọ gbáko. Ọmọ tó bá fi èdè Python kọ eré gígùn fún bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ lè rí i pé ó dédé dúró, tó ní àyè ti tán. Kì í ṣe pé ọmọ náà kọ ọ́ bákan. Tábìlì ló kún.

Ohun tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù kì í ṣe ọpọlọ, etí àti ẹnu ni. Nígbà tí èkejì jáde sójú ọjà ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ó ní maikirofóònù tó fi ń gbọ́ ariwo, ó sì ní sípíkà lẹ́yìn tó fi ń kọrin. Ti àkọ́kọ́ kò ní ọ̀kankan. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin lára ti àkọ́kọ́, ẹ ó mú wáyà méjì tó ní kílíìpù eléyín bí ẹnu ọ̀nì, ẹ ó fi gbé ohùn láti ihò 0 àti ihò GND lọ sí ẹnu ìyafóònù. Mo gbà pé wàhálà ni, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ṣe é tán ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé iná mànàmáná tó ń gba inú wáyà kọjá ló di ohùn. Èyí tó kàn tẹ bọ́tìnnì tí sípíkà dáhùn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó dá mi lójú pé àwọn ìyá kan ti ń ronú nípa maikirofóònù yẹn: ta ló ń gbọ́ ohun tí a ń sọ nínú ilé? Bọ́ọ̀dù náà kò ní Wi-Fi rárá. Wọ́n tún fi iná pupa kékeré kan síwájú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò maikirofóònù, tó máa ń tàn nígbà tí etí bọ́ọ̀dù bá là. Ẹ fi iná yẹn han ọmọ yín, kí ó mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Àwọn àtúnṣe mìíràn wà tí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àmì tó wà lókè iwájú èkejì mọ̀ bí ìka bá kàn án, bí ojú fóònù ṣe ń mọ̀ ọ́n. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ àwòrán lásán. Bọ́tìnnì ẹ̀yìn èkejì, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́ títí, bọ́ọ̀dù yóò lọ sùn, bátìrì yóò sì pẹ́. Ti àkọ́kọ́ kò ní ọ̀nà tí a lè gbà pa á bí kò ṣe kí a yọ bátìrì. Ẹni tó bá ń ra bátìrì AAA méjì méjì lọ́wọ́ onísọ̀ọ́ àdúgbò lójoojúmọ́ yóò mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Èyí tó gba kí a dúró díẹ̀ ni agbára iná tí bọ́ọ̀dù lè fún ohun tí a so mọ́ ọn. Gbogbo wa la mọ̀ pé gẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, kí ó sì kọ̀ láti gbé fíríìjì. Bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ lè fún ohun tó wà níta ní 90 mA. Èkejì lè fún un ní 200 mA. Nítorí náà, bí ẹ̀kọ́ kan bá ní kí ọmọ so ọ̀wọ́ iná aláràbarà mọ́ micro:bit, tí ẹ̀kọ́ náà sì jẹ́ ti èkejì, ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ máa kú kó máa jí bí àlejò tó ń tòògbé. Ọmọ yóò máa wá àṣìṣe nínú ohun tó kọ, bẹ́ẹ̀ ebi iná ló ń pa bọ́ọ̀dù. Wáyà náà kò bọ́ sí ipò kan náà nínú méjèèjì pẹ̀lú: nínú ti àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ 9 ní etí bọ́ọ̀dù bá àwọn iná ojú rẹ̀ pín iṣẹ́, nínú ti èkejì, wọ́n ti dá ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀ lọ́wọ́ iná. Ohun tí a so mọ́ ọn ṣáájú lè máa hùwà lọ́nà mìíràn báyìí.

Mo ní bọ́ọ̀dù méjì, ṣùgbọ́n kí a má purọ́, àwọn àbúrò kan wà láàárín wọn. V1.3B ni wọ́n kọ sẹ́yìn àwọn tí a pín ní àkọ́kọ́. Ẹ̀yà tó ń mọ̀ bí a bá mì ín wà lọ́tọ̀, kọ́ńpáàsì wà lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni V1.5 dé, wọ́n sì ti sọ àwọn méjèèjì di ṣíìpù kan ṣoṣo. Iwájú wọn kò yàtọ̀ rárá, kò sì sí ẹni tó lu agogo nípa rẹ̀ ní àdúgbò wa. Àbájáde rẹ̀ ni pé fáìlì tí ẹnìkan ti ṣe kí V1.5 tó dé, tó sì tọ́jú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kò mọ ṣíìpù tuntun yẹn. Iná yóò tàn, bọ́tìnnì yóò dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ lè mì bọ́ọ̀dù náà bí ẹni ń jó, kò ní mọ̀. Oògùn rẹ̀ ni kí a tún ṣí iṣẹ́ náà lórí MakeCode, kí a sì gba fáìlì tuntun sílẹ̀. Ní tòsí wa yìí, V2.2 tún jáde, ní àkókò ọ̀wọ́n ṣíìpù tó bá gbogbo ayé ní ìgbà àrùn Kòrónà. Ṣíìpù tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ láti ẹnu USB ni wọ́n pààrọ̀. Ìyẹn kò kan ọmọ yín. Yóò lò ó bí ó ṣe ń lo V2 tó ṣáájú rẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹ óò fẹ́ mọ bí a ṣe ń dá wọn mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo iwájú. Àmì tó wà lókè, tó dà bí ojú méjì nínú ẹyin tó dùbúlẹ̀, bí ó bá jẹ́ irin aláwọ̀ wúrà tó ń dán, èkejì ni. Ẹ wo etí ìsàlẹ̀ níbi tí àwọn ihò ńlá wà: ti àkọ́kọ́ gún tààrà, ti èkejì ní ìgé kéékèèké tí kílíìpù lè fi dì í mú. Ẹ wá yí i padà. Bí ẹ bá rí sípíkà onígun mẹ́rin, èkejì ni. Bí ẹ kò bá rí i, àkọ́kọ́ ni. Wọ́n tún fi lẹ́tà wínníwínní kọ V1 tàbí V2 pẹ̀lú nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e sẹ́yìn. Ojú àgbà lè má rí i, ẹ jẹ́ kí ọmọ kà á fún yín. Ní tèmi, ìbá sàn jù kí wọ́n ti kọ nọ́ńbà yẹn gàdàgbà sí iwájú, nítorí ẹni tó ń ra ẹ̀bùn kì í yí ẹ̀yìn ọjà wò nígbà tí iwájú rẹ̀ bá ti rẹwà.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ lọ bá ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń tẹ̀ lé. Lórí MakeCode, wọ́n ti ya àwọn ohun tó jẹ́ ti èkejì nìkan sọ́tọ̀ lábẹ́ àkọlé tó ní V2 nínú. Ọmọ tó ní ti àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀. Gbogbo ìyókù jẹ́ tirẹ̀. Fáìlì tí MakeCode ń ṣe lóde òní gba méjèèjì, nítorí wọ́n di ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì sínú ẹrù kan, bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan á mú tirẹ̀. Fáìlì àtijọ́ tí a ṣe fún àkọ́kọ́ nìkan kò lè ṣiṣẹ́ lára èkejì. Ẹ rántí èyí bí ẹ̀gbọ́n ilé bá fẹ́ kó iṣẹ́ ọdún mélòó kan sẹ́yìn lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ti rírà, èrò mi nìyí. Bí wọ́n bá fi ti àkọ́kọ́ ta yín lọ́rẹ, ẹ gbà á tayọ̀tayọ̀. Fún ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, iná 25, bọ́tìnnì méjì, kọ́ńpáàsì àti rédíò tó ó jẹ fún odidi ọdún kan. Kò yẹ kí ẹ tìtorí etí àti ẹnu náwó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ owó yín ni yóò jáde, èkejì ni kí ẹ rà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó tuntun ta ògbólógbòó fún yín. Bí mọ̀lẹ́bí bá fẹ́ bá yín rà á ní òkèèrè, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n tó sanwó. Bí ẹ bá ti ní àpò ike tó fún mọ́ bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, ẹ má rò pé èkejì yóò wọ̀ ọ́. Sípíkà tó yọ lẹ́yìn lè má jẹ́ kí ó wọlé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú bírò, kí ẹ kọ V1 tàbí V2 sára ọ̀rá tàbí páálí tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí méjèèjì bá sì wà nínú ilé, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi nọ́ńbà ẹgbẹ́ rédíò kan náà sínú iṣẹ́ tí wọ́n kọ fún àwọn méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ yóò wà lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú yàrá, èkejì yóò wà lórí pẹpẹ ní ilé ìdáná. Bí wọ́n bá tẹ A nínú yàrá, sípíkà èkejì yóò dún létí ìyá wọn pé ebi ti ń pa àwọn ará yàrá.